Omi Ààtàn àti Kànga Wa

Ní ọ̀sẹ̀ yìí àwa fẹ́ bá ẹ̀yin ìyá àti bàbá sọ̀rọ̀ lórí omi mímu, pàápàá ẹ̀yin tí ń gbé ní Ọlọ́runṣògo àti ní àwọn abúlé Ọ̀nà-Àrà. Àwọn baba wa a máa wí pé omi kò ní ọ̀tá. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n omi lè di ọ̀tá ẹni tí ń mu ún.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni a ti ń kó ìdọ̀tí ìlú Ìbàdàn lọ sí ààtàn ńlá mẹ́rin: Lapite, Awotan, Ajakanga, àti Aba-Eku tí ó wà ní ìhà ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí òjò bá rọ̀ sórí ààtàn, omi rẹ̀ a máa gba àárín oúnjẹ jíjẹrà, ògbólógbòó bátìrì àti agolo ọ̀dà kọjá, a sì máa kó oró wọn dání. Dúdú ni í jáde ní ìsàlẹ̀, òórùn rẹ̀ kò sì ṣeé fara dà. Èyí ni àwa ń pè ní omi ààtàn. Apá kan rẹ̀ a ṣàn lọ sínú odò, apá kan a sì wọ inú ilẹ̀ lọ. Àpáta ni ó wà ní abẹ́ ilẹ̀ Ìbàdàn. Inú erùpẹ̀ tí ó bo àpáta náà ni omi kànga wa sábà máa ń wà. Nítorí náà ohun tí ó rì ní òkè lè dé inú kànga tí ó wà ní ìsàlẹ̀, láìjẹ́ pé ojú rí i.

Ọ̀pọ̀ ìyá ni ó ń wí pé, “A ti sè é, kò lè ṣe wá ní ohunkóhun.” Ẹ̀yin ìyá wa, sísè dára, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀, nítorí ó ń pa kòkòrò àrùn. Ṣùgbọ́n iná kò lè pa òjé. Bí omi ti ń fà nínú ìkòkò, bẹ́ẹ̀ ni òjé ń pọ̀ sí i nínú èyí tí ó kù, bẹ́ẹ̀ náà sì ni iyọ̀ tí àwọn oníṣègùn ń pè ní náítréètì. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Náítréètì kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ-ọwọ́ gbé afẹ́fẹ́ bí ó ti yẹ. Álọ́ọ̀mù lè mú kí omi tòrò, ṣùgbọ́n títòrò kì í ṣe mímọ́.

Ẹ rántí Èlíṣà ní Jẹ́ríkò. Kò wo omi sàn nínú ìkòkò ẹnikẹ́ni. Ibi orísun ni ó lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a ṣe sí omi ààtàn. A ní láti fi amọ̀ líle tẹ́ ìsàlẹ̀ ààtàn, kí a fi páìpù gba omi rẹ̀ sínú adágún, kí a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i kí àwọn kòkòrò tí ojú kò rí lè jẹ ìdọ̀tí inú rẹ̀, kí ó sì silẹ̀. Ní ọdún 2005, Aluko àti Sridhar ròyìn iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí omi ààtàn Ìbàdàn: wọ́n mú un gba inú àbàtà àtọwọ́dá tí ewéko odò kún kọjá, púpọ̀ nínú ìdọ̀tí rẹ̀ sì dínkù. Níbi tí ó bá ti wọ ilẹ̀ ná, a lè gbẹ́ kànga láti fà á jáde, kí a wẹ̀ ẹ́ mọ́, kí a sì yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó dà á sódò.

Ní tiwa, ẹ má ṣe gbẹ́ kànga sí ìsàlẹ̀ ààtàn. Ẹ gbé omi kànga yín lọ fún àyẹ̀wò, lẹ́ẹ̀kan ní ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́ẹ̀kan ní òjò. Bí ó bá kù díẹ̀ káàtó, ẹ wá omi ibòmíràn fún ọmọ-ọwọ́. Kí baálẹ̀, ìjọ àti mọ́ṣáláṣí pa ohùn pọ̀, kí wọ́n sì bi àwọn aláṣẹ léèrè pé: Níbo ni omi ààtàn ń gbà? Ta ni ń yẹ̀ ẹ́ wò? Àwọn ọkùnrin Jẹ́ríkò ni ó kọ́kọ́ lọ sọ fún wòlíì pé omi ìlú àwọn kò dára. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwa dákẹ́.