Kí Ẹgbẹ́ Máa Yáni Lówó Àyẹ̀wò, Kì í Ṣe Owó Ìsìnkú Nìkan

Ní ilẹ̀ wa yìí, láti Owé dé Bùnú, láti Ìjùmú dé Yàgbà, okun ni a fi ń kí ara wa, èyí ni pé kí ara ó le. Ọ̀rọ̀ okun ara gan-an ni a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí, nítorí ó kan àpò ẹgbẹ́.

Ẹni tí ó bá yẹ ìwé ẹ̀yáwó wa wò yóò rí ohun tí à ń tọrọ owó fún. Owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ni, owó láti fi kún ọjà ni, owó páànù ni, owó òkú ṣíṣe ni. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá wá tọrọ owó ìsìnkú, kíá ni àwọn oníduúró yóò fọwọ́ sí i, kò sí ẹni tí yóò bi í ní ìbéèrè kejì. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa wá fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo tí ẹnì kan kọ ọ́ sí pé òun fẹ́ lọ yẹ ara òun wò nígbà tí kò tíì sí ohun tó ń dun òun. Kò sí. Èrò tiwa ni pé ó yẹ kí irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ wà, pàápàá nítorí àrùn jẹjẹrẹ. Owó kékeré tí a bá tètè ná sí i ni kì í jẹ́ kí a ná owó ńlá lẹ́yìn ọ̀la.

Àwọn kan máa ń wí pé àìsàn òyìnbó ni, tàbí pé àìsàn ayé òde òní ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1962 ni wọ́n ti ní ìwé àkọsílẹ̀ ní Ìbàdàn, ní ọsibítù UCH, tí wọ́n ń kọ àwọn tí jẹjẹrẹ mú sí. Ní ọdún 2020, ìṣirò àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ ni pé àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ènìyàn 124,815 ní Nàìjíríà, àwọn tí ó sì pa lọ́dún náà jẹ́ 78,899. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò rẹ̀ bí oníṣòwò. Fún ènìyàn márùn-ún tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, àwọn mẹ́ta ló ń tọwọ́ rẹ̀ kú. Ní Amẹ́ríkà lọ́dún kan náà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ àti oògùn wọn pọ̀ ju tiwa lọ. Ṣùgbọ́n ìdí pàtàkì mìíràn ni pé wọ́n ń tètè rí i, àwa sì ń dúró dìgbà tí ó bá dé egungun.

Kí tilẹ̀ ni jẹjẹrẹ? Ẹran ara kan ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà láìgbọ́ àṣẹ. Yóò máa pọ̀ sí i, bó bá sì pẹ́, yóò ṣí lọ sí ibòmíràn nínú ara. Gbèsè elélé ni ká pè é. Nígbà tó wà ní kékeré, ènìyàn lè san án kí ó sì bọ́. Bí a bá gbójú fò ó, èlé a ju owó lọ. Kékeré la ti ń pa ẹkàn ìrókò.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé nínú 100 jẹjẹrẹ, ó tó 30 sí 50 tí a lè dènà. Tábà ni olórí ohun tó yẹ ká sá fún. Sìgá, áṣáà tí à ń fín àti èyí tí à ń fi sẹ́nu, kò sí èyí tí kò lẹ́bi níbẹ̀. Ẹni tí kò mu sìgá, tó jókòó ti ẹni tó ń mu ún nínú ṣọ́ọ̀bù, òun náà ń fa èéfín símú. Ọtí ló tẹ̀ lé e, nítorí ó ń dá kún jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, ti ọ̀nà ọ̀fun àti ti ọyàn. Ẹ má jẹ́ kí á tan ara wa lórí paraga: egbò igi tó wà nínú rẹ̀ kò sọ ògógóró di oògùn. Ìjókòó náà wà níbẹ̀. Oníṣòwò jókòó láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, búrẹ́dì àti mínírà ló fi ṣe oúnjẹ ọ̀sán, ara ń sanra. Ara tó bá sanra jù ń fi kún ewu jẹjẹrẹ ìfun, ó sì ń fi kún ti ọyàn fún obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró. Ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti èso kò ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa. Kí á máa jẹ wọ́n, kí á sì máa fi ẹsẹ̀ rìn.

Ọ̀kan wà tó kan àwa tó ń ta ẹ̀pà àti àgbàdo ju ẹnikẹ́ni lọ, a ó sì dúró díẹ̀ lórí rẹ̀. Ọkà tí kò gbẹ dáadáa, tí a dì sínú àpò, tí a tò sórí ilẹ̀ọ́lẹ̀ tútù, yóò bu. Ohun tó ń mú un bu yìí máa ń tú májèlé kan sínú rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní aflatoxin. Májèlé yìí ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Yíyan ẹ̀pà, sísè é àti dídín in kì í pa á tán. Ẹ ò rí i pé ẹni tó sọ pé, "Èyí tó bu, ẹ jẹ́ ká fi ṣe kúlíkúlí," kò ṣe ènìyàn lóore? Ọmọ ta ni yóò jẹ kúlíkúlí náà? Bí ẹni tí yóò jẹ ẹ́ bá tún ní kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní Hepatitis B, ewu rẹ̀ a di ìlọ́po ìlọ́po. Ìwádìí ìjọba tí wọ́n ṣe ní 2018 fi hàn pé nínú 100 ènìyàn tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin 15 sí 64 ní Nàìjíríà, ó tó 8 tí ó ní kòkòrò yìí lára, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni a ó gbà láti mọ̀ ọ́n. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà, a sì ń fún àwọn ọmọ ọwọ́ ní ọ̀fẹ́.

Àtúnṣe ti ọjà kò le. Kí á sá ọkà títí yóò fi gbẹ, lórí tapólì, kì í ṣe lórí ilẹ̀ lásán. Kí á fi pákó sábẹ́ àpò. Kí á ṣa èyí tó bu, tó hunjọ tàbí tó yí àwọ̀ padà kúrò, kí á má sì dà á mọ́ èyí tó dára. Àwọn onímọ̀ ní IITA, Ìbàdàn, tilẹ̀ ti ṣe ohun kan tí wọ́n ń pè ní Aflasafe, tí àgbẹ̀ ń fọ́n sí oko kí májèlé yìí má baà ráyè.

A kò sọ pé ẹni tí jẹjẹrẹ mú ló fa á fún ara rẹ̀ o. Ẹni tí kò fẹnu kan ọtí, tí kò fín áṣáà rí, tó ń jẹ ẹ̀fọ́ lójoojúmọ́, ó lè mú òun náà. Ọjọ́ orí wà níbẹ̀, ìran wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìṣọ́ra nìkan kò fi tó, tí a fi ń sọ̀rọ̀ àyẹ̀wò. Ẹ̀yin oníṣòwò, ta ni ń dúró dìgbà tí olè bá jẹ́wọ́ kí ó tó ka ọjà rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí á fi jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ṣe àpẹẹrẹ. Ní 2020, ó mú obìnrin 12,075 ní Nàìjíríà, ó sì pa 7,968. Kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní HPV, tí a ń kó nípa ìbálòpọ̀, ló ń fà á. Harald zur Hausen, ọmọ Jámánì, ló tú àṣírí rẹ̀, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2008. Láti ìgbà tí kòkòrò náà bá ti wọlé títí tí yóò fi di jẹjẹrẹ, ó sábà máa ń tó ọdún 15 sí 20. Ẹ wo bí àkókò ṣe pọ̀ tó láti mú un! Nọ́ọ̀sì tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ lè fi omi kíkan bí ti fínígà kan ẹnu ilé ọmọ. Ibi tí kò bá dára yóò funfun, wọ́n sì lè tọ́jú rẹ̀ kí ó tó di ohun ńlá. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Obìnrin tó bá ti pé ọdún 30 ni ó yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Fún àwọn ọmọbìnrin tó wà láàrin ọdún 9 sí 14, ìjọba bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, àwọn ìpínlẹ̀ tó kù sì tẹ̀ lé e ní 2024. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀ẹ̀kan péré sì ni. Àhesọ ni pé ó ń sọ ọmọ di àgàn.

Ní ti ọyàn, kókó tí kò dunni ni ká bẹ̀rù jù, nítorí àìdunni rẹ̀ ló ń jẹ́ kí á fi í sílẹ̀. Awọ ọyàn tó kó wọnú, orí ọmú tó yí padà tàbí tó ń sun ẹ̀jẹ̀, kí á má fi lọ àgbo fún oṣù mẹ́fà. Ìyàwó gómìnà Ondo tẹ́lẹ̀, Arábìnrin Betty Anyanwu-Akeredolu, ní jẹjẹrẹ ọyàn ní 1997. Ó gba ìtọ́jú, ó yè é, ó sì dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀ láti máa la àwọn obìnrin lóye. Ó lé ní ọdún 25 lẹ́yìn náà tí ó ṣì ń sọ ọ́ ní gbangba. Kí ọkùnrin má rò pé ọ̀rọ̀ obìnrin nìkan ni. Ọkọ rẹ̀, Gómìnà Rotimi Akeredolu, ọmọ Ọ̀wọ̀ tí kò jìnnà sí wa, jẹjẹrẹ próstéètì ló pa á ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá 2023. Próstéètì ni ẹ̀yà ara kan tó wà lábẹ́ àpòòtọ̀ ọkùnrin. Ẹ̀yin bàbá tó ti lé ní 50, bí ìtọ̀ bá ń dá yín dúró, tàbí tí ẹ ń jí ní ìgbà mẹ́rin lóru, ẹ lọ rí dókítà. Ó lè má jẹ́ jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò wí. Wọ́n ó ní, "Ẹgbẹ́ owó la dá sílẹ̀, kì í ṣe ọsibítù." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dùbúlẹ̀ kò lè san ẹ̀yáwó, àwọn oníduúró rẹ̀ ló ń san án. Àwọn mìíràn yóò ní a kì í fi ẹnu ara ẹni pe àìsàn, Ọlọ́run kò ní í jẹ́. Àmín. Ṣùgbọ́n ṣé a kì í ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lálẹ́ lẹ́yìn tí a bá gbàdúrà tán? Ẹ̀rù kẹta ni èyí tí àwọn ìyálọ́jà kì í sọ síta: bí wọ́n bá gbọ́ pé ara òun kò yá, àwọn tó ń fún òun lọ́jà àwìn yóò dáwọ́ dúró. Ẹ̀rù yìí kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀, ó sì yẹ kí òfin ẹgbẹ́ bójú tó o.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń gbé síwájú ìpàdé:

Èkíní, kí ẹ̀yáwó àyẹ̀wò wà, kékeré, láìsí èlé, kí a san án díẹ̀díẹ̀ láàrin oṣù mẹ́fà. "Ìlera" nìkan ni kí a kọ sí fọ́ọ̀mù rẹ̀. Èsì àyẹ̀wò kò gbọdọ̀ dé etí ìgbìmọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé. Bí dókítà bá sì ní kí ẹnì kan lọ gba ìtọ́jú, ẹ̀yáwó tirẹ̀ ni kí ó ṣáájú nínú ìwé.

Èkejì, kí a máa yọ díẹ̀ nínú owó ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ láti pe àwọn nọ́ọ̀sì wá sí Kàbà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, fún àyẹ̀wò ọyàn, ẹnu ilé ọmọ àti Hepatitis B.

Ẹ̀kẹta, kí ọmọ ẹgbẹ́ tó ń ta ọkà lè yá owó tapólì àti pákó, kí a sì fẹnu kò pé a kò ní í da èyí tó bu mọ́ èyí tó dára.

Alájẹṣẹ́kù ni orúkọ wa. Ẹni tó wà láàyè ló ń jẹ, òun náà ló sì ń ṣẹ́ kù. Ẹ ro ọ̀rọ̀ yìí nílé, ẹ bá àwọn oníduúró yín sọ ọ́, kí ẹ wá sí ìpàdé, kí ẹ sì nawọ́ yín sókè nígbà tí a bá pè é.