Rírù Kọ́, Dídínkù Ni: Ọ̀rọ̀ Sùúrù fún Ẹni tí Ó Ń Jẹ Oúnjẹ Kẹ́tò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kí ẹnu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Oúnjẹ mẹ́rin ni wọ́n dárúkọ, sítáàṣì sì ni ó kún inú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nítorí náà, bí ọmọ Yorùbá kan bá dìde tí ó ní òun fẹ́ fi iyán, ọkà, ẹ̀bà àti ìrẹsì sílẹ̀ kí òun lè dín sísanra kù, ohun tí ó dáwọ́ lé kò kéré. Èrò mi ni pé àìnísùúrù ni ó ń ṣẹ́gun ọ̀pọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ju ojúkòkòrò oúnjẹ lọ, àti pé ọ̀nà tí àwa Yorùbá ń gbà sọ̀rọ̀ nípa ara wà lára ohun tí ó ń fa àìnísùúrù náà.

Ètò oúnjẹ tí mò ń wí ni wọ́n ń pè ní ketogenic, tí àwọn ọ̀dọ́ ti gé kúrú sí kẹ́tò. Kì í ṣe nǹkan àná. Ní ọdún 1921 ni Dókítà Russell Wilder ti ilé ìwòsàn Mayo ní Amẹ́ríkà fún un ní orúkọ yẹn, nígbà tí ó dábàá rẹ̀ fún ìtọ́jú àwọn tí wárápá ń ṣe. Ìlànà rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ẹni tí ó ń ṣe é kì í sábà jẹ ju 50 gíráàmù sítáàṣì àti ṣúgà lọ lójúmọ́. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ kọjá 20. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, 100 gíráàmù gàrí gbígbẹ ní ju 80 lọ nínú. Nígbà tí sítáàṣì bá wọ́n nínú ara, ẹ̀dọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rá di èròjà tí ara lè lò dípò ṣúgà.

Ọmọ Ẹdẹ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni mí. Àtọ̀gbẹ ni ó pa bàbá bàbá mi, òun náà ni àbúrò bàbá mi sì ń bá jà lọ́wọ́lọ́wọ́. Nígbà tí dókítà wọ̀n mí tí ó bá kílò 96, tí ó sì ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru ju bí ó ti yẹ fún ọmọ ọdún 22 lọ, n kò bá a jiyàn. Pẹ̀lú ìmọ̀ràn rẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, kílò 3 lọ. Ní odindi oṣù tí ó tẹ̀ lé e, kílò kan péré ni. Lónìí tí ó di oṣù kẹjọ, kílò 87 ni mo wọ̀n. Kílò 9 ní oṣù 8! Àwọn kan nínú ilé tí à ń gbé ní yunifásítì ti sọ mí ní ìgbín.

Kí ni ó dé tí ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní fi yá, tí ìyókù sì ń fà? Ara a máa kó ṣúgà pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti sínú iṣan, omi tí ó tó bíi gíráàmù mẹ́ta a sì máa bá gíráàmù kọ̀ọ̀kan rìn. Bí a bá ti pa òkèlè tì, ṣúgà àpamọ́ yẹn yóò tán, omi rẹ̀ yóò sì bá a jáde. Omi ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó lọ. Ọ̀rá ṣì jókòó sáyè rẹ̀. Kílò kan ọ̀rá ní tó bíi kálórì 7,700 nínú. Ẹni tí ó bá ń fi 500 dín oúnjẹ rẹ̀ kù lójúmọ́ yóò lò ju ọjọ́ 15 lọ kí kílò kan tó lọ, bí ara bá sì ti ń fúyẹ́ sí i ni agbára tí ó ń ná lójúmọ́ yóò máa dín kù. Ẹni tí ó bá ṣèbí eré ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní ni a ó máa sá títí yóò rò ní ọ̀sẹ̀ kẹrin pé ètò náà ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Ìgbà náà gan-an ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo William Banting, ẹni tí ó ń ṣòwò ìsìnkú ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1862, pọ́ùn 202 ni ó wọ̀n. Dókítà rẹ̀ ní kí ó fi búrẹ́dì, ṣúgà, ọ̀dùnkún àti ọtí bíà sílẹ̀. Ó lé díẹ̀ ní ọdún kan kí ó tó dín pọ́ùn 46 kù. Bí a bá pín in, kò tó pọ́ùn kan lọ́sẹ̀. Síbẹ̀ ìwé pélébé tí ó kọ nípa rẹ̀ ní 1863 gba ìlú kan. Ní àsìkò tiwa yìí, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Stanford gbé ìwádìí kan jáde ní 2018 lórí ènìyàn 609. Lẹ́yìn oṣù 12, àwọn tí wọ́n dín sítáàṣì kù pàdánù kílò 6 ní ìpíndọ́gba; àwọn tí wọ́n dín ọ̀rá kù pàdánù kílò 5.3, ìyàtọ̀ àárín wọn kò sì tó nǹkan. Kílò 6 lọ́dún, ààbọ̀ kílò lóṣù ni. Èyí fi hàn pé kò sí idán nínú ọ̀kankan. Èyí tí a bá lè fara dà pẹ́ ni ó dára jù.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tiwa. Ní Yorùbá, ìkíni ni “O mà ti sanra o!”, ẹni tí a kí bẹ́ẹ̀ a sì máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ bá fúyẹ́, a ó ní ó rù, ó gbẹ, ó joro. Nígbà tí mo gba ìsinmi dé Ẹdẹ, tí mo bá ìyá mi lọ sí Ọjà Tìmì, àwọn ìyá tí wọ́n mọ̀ mí láti kékeré di ọwọ́ mi mú. “Ọmọ mi, kí ni ó ń ṣe ọ́? Àbí o kì í jẹun níbẹ̀ ni?” Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní ara mi le. Ara àwọn tí ó ń káàánú mi ní ọjà àti àwọn tí ó ń pè mí ní ìgbín ní yunifásítì, kílò 9 kan náà ni wọ́n ń wò.

Rù yìí, tí kì í ṣe ti ẹrù, kì í gba àbọ̀. Àìsàn a máa mú ni rù, ìyà a máa mú ni rù. A kì í ní ènìyàn kan “rù ara rẹ̀”. Ṣùgbọ́n dín kù jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là tí ó lè gba àbọ̀ sí àárín: a lè dín sísanra kù, a lè dín ẹran ara kù. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tí ó ń ṣe é. Ohun tí ó bá sì ní ẹni tí ń ṣe é, iṣẹ́ ni, iṣẹ́ a sì máa gba àkókò. Àìsàn ni ó ń mú ara lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá fi ojú rù wo dídínkù, ìgbà tí ó bá yá nìkan ni a ó gbà pé ó ń ṣẹlẹ̀; ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń sáré lọ ra tíì tí wọ́n ní ó ń yọ ikùn ní ọ̀sẹ̀ kan. Inú ọ̀pọ̀ irú tíì bẹ́ẹ̀ ni ewé senna wà, ẹbí àsùnwọ̀n tí àwọn àgbà wa fi ń ṣu. Ìgbẹ́ àti omi ni ó ń lé jáde. Ọ̀rá kò gbúròó rẹ̀.

Ẹnì kan lè ní kẹ́tò wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́. Òótọ́ ni, ẹyin àti ẹja kò pọ́ bí gàrí. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, ẹ̀gúsí, epo, ẹja ṣàwá àti wàrà àwọn Fúlàní kò ṣàjèjì sí wa. Ọbẹ̀ wa kò lẹ́bi púpọ̀, òkèlè ni. Ẹni tí apá rẹ̀ kò bá sì ká a, kí ó dín òkèlè kù sí ìdajì, kí ó máa fi ẹsẹ̀ rìn, sùúrù kan náà ni yóò lò. Ẹni tí ó bá ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, ẹni tí kíndìnrín ń dùn àti aboyún kò gbọdọ̀ dáwọ́ lé e láìrí dókítà.

Ní tèmi, mo ti dẹ́kun gígun òṣùwọ̀n lójoojúmọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni mò ń gùn ún, nítorí iyọ̀ tí a jẹ lánàá nìkan lè fi omi kún ìwọ̀n ara lónìí. Mo ń wo bẹ́líìtì mi, tí ó ti fi ihò méjì sún wọlé. Mo ń wo ẹ̀jẹ̀ mi, tí dókítà ní ó ti ń rọlẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹ̀yin tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ tí ẹ sì ń rò ó pé kí ẹ dáwọ́ dúró, ẹ ṣírò oṣù, ẹ má ṣírò ọjọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì kí yín pé ẹ ti rù, ẹ fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn pé ẹ ń dín in kù ni.