Wáyà Méjì Kì í Ṣe Ọ̀nà Méjì

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹ kíyè sí i: ọ̀nà ni wọ́n wí, wọn ò wí ọkọ̀. Bí títì Òṣòdì sí Àpápá bá dí, ogún dáńfó tó tò sórí rẹ̀ kò sàn ju ẹyọ kan lọ. Àwa tí à ń kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá rò pé ó yẹ kí àwọn iléeṣẹ́ tó wà ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ fetí sí ọ̀rọ̀ yìí.

Irú wáyà Ethernet tó ń gbé íméèlì ní ọ́fíìsì náà ló ń sọ fún ẹ̀rọ tó ń rọ ohun mímu sínú ìgò pé kó máa lọ tàbí kó dúró. Bí ó bá já, íméèlì lè ní sùúrù. Ìgò kò ní. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń so àwọn switch pọ̀ bí òrùka. Ojú kan máa ń wà ní títì. Bí ibòmíràn bá já, yóò ṣí. (Ẹ má so òrùka láìsí ìlànà tó ń ti ojú kan o! Ọ̀rọ̀ á máa yí po títí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì á fi dákú.) Pẹ̀lú ìlànà MRP, switch 50 lè wà lórí òrùka kan, kí ọ̀nà sì tún là láàárín ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. PRP ní tirẹ̀ ń fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì méjì. Èyí tó bá kọ́kọ́ dé ni wọ́n á gbà, wọ́n á da èkejì nù. Owó rẹ̀ ga, ṣùgbọ́n kò sí ìdádúró rárá.

Gbogbo ìyẹn dára. Àmọ́ bí wáyà àlọ àti wáyà àbọ̀ bá jọ wà nínú páìpù kan, tí switch méjèèjì ń mu iná lójú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan, orí ìwé lásán ni òrùka náà wà. Ẹni tó ń gbẹ́ gọ́tà kò ní béèrè èwo ni èkejì kí dígà rẹ̀ tó balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí inú iléeṣẹ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne, bàjẹ́ nítòsí Abidjan. Mẹ́rin! Síbẹ̀ iṣẹ́ dẹnu kọlẹ̀ ní àwọn báńkì wa, torí itòsí ara wọn ni wọ́n gbà kọjá níbẹ̀. Equiano, tó gúnlẹ̀ sí Èkó ní ọdún 2022, gba ibòmíràn nínú òkun. Ó wà lára àwọn tó gba ẹrù náà rù.

Redundancy ni àwọn ọ̀rẹ́ wa ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ń pè é. Létí ọ̀gá tó ń fọwọ́ sówó, ó jọ ohun tí kò wúlò, yóò sì fagi lé e. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí “wáyà àfikún”, ibì kan náà la ṣì wà. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ọ̀nà èkejì. Ẹni tó bá gbọ́ “ọ̀nà” á béèrè ibi tó gbà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde, tí ẹ wà ní iléeṣẹ́ lágbègbè yẹn, ẹ ní kí agbaṣẹ́ṣe mú yín rin ọ̀nà méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ tí iṣẹ́ kò pọ̀, kó yọ wáyà kan lójú yín. Bí ẹ̀rọ bá dúró, ẹ má tíì sanwó.