Ta Ní Ń Sọ fún Ọlọ́jà?

Ẹ̀yin ará, ta ní ń sọ fún ọlọ́jà pé owó oṣù wa ti lé? Nígbà tí ìjọba san owó Údójì ní 1975, kí òṣìṣẹ́ tó kà á tán ni ọjà ti gbówó lórí. Ní 1981, òfin fi 125 náírà ṣe owó oṣù tí ó kéré jù lọ. Ní 2024, ó di 70,000. Ẹ gbé e dé ọjà Bódìjà, kí ẹ wo iye ṣéńjì tí ẹ óò mú bọ̀.

Òfin 2024 ní kí wọ́n máa yẹ owó yìí wò ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta. Ọlọ́jà, àràárọ̀ ni ó ń yẹ tirẹ̀ wò.

Ṣùgbọ́n kí á má purọ́. Àwọn ìyàwó wa ni ó ń pàtẹ lọ́jà. Àwa tí a kọ́lé sí Agbówó ni a ń fi kún owó ilé kí ìjọba tó buwọ́ lùwé. Àwa náà ni a ń fi ẹnu ná owó tí ọwọ́ kò tíì tẹ̀ nídìí ẹmu ní Dùgbẹ̀. Olófòófó kò jìnnà.

Bí ẹgbẹ́ bá tún jókòó pẹ̀lú ìjọba, kí á má béèrè iye náírà nìkan; kí owó oṣù máa bá owó ọjà gòkè pọ̀. Kí onílé àárín wa sì rọra.