Ẹ yéé gé ewé daffodil, ẹ sì yéé sun owó yín lórí tulip

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà ní Cardiff, Plymouth àti gbogbo ibi tí òjò ti ń pa wá láti October dé March, ọ̀rọ̀ òdòdó ni mo bá wá. Kì í ṣe ìjà o. Àbí, ó tiẹ̀ jẹ́ ìjà.

Gbogbo October làwa tá à ń ṣe content máa ń gbé bulb tulip síwájú kámẹ́rà: ẹ gbìn ín lẹ́ẹ̀kan, á máa padà wá lọ́dọọdún. Irọ́ ni jàre! Ọ̀pọ̀ tulip tí wọ́n ń tà, ọdún àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń dára mọ. Àárín Gbùngbùn Éṣíà ni ìran wọn ti wá, níbi tí òtútù ti ń mú gan-an, tí ilẹ̀ sì máa ń gbẹ táútáú nígbà ooru. Tẹ́ ẹ bá wá rì í mọ́ inú amọ̀ tí omi ò kúrò lójú ẹ̀, ó máa jẹrà ni.

Ogójì lèmi gbìn. Lọ́dún kejì, mẹ́ta ló yọ, ewé lásán. Owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn o! Ẹni tó tà á fún mi ní kí n ra òmíràn.

(Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa ní tòun padà wá. Ó lè jẹ́ Darwin Hybrid, tàbí kí omi má dúró nínú ọgbà ẹ. O ṣoríire.)

Àwọn tó bá òjò wa mu wà: daffodil, snowdrop, camassia tó fẹ́ràn ilẹ̀ tútù. Daffodil táwọn ará Wales ń fi sáyà ní March 1 náà ni mò ń wí. Gbìn ín ní September, kí ihò jìn tó ìlọ́po mẹ́ta gíga ẹ̀, kí ṣónṣó orí ẹ̀ kọjú sókè. Má sì gbé e sí kíṣìnì o, ó jọ àlùbọ́sà, àmọ́ májèlé ni.

Ibi tí mo ti fẹ́ bá yín jà gan-an ni ewé. Òdòdó á rọ tán, ẹ̀ ń gbé àlùmọ́gàjí. Àwọn kan tiẹ̀ ń di ewé ọ̀hún bí irun, torí fídíò! Ta ló ń gé ewé iṣu ní May, kó tún máa retí iṣu tuntun ní August? Ewé yẹn ló ń fi oòrùn se oúnjẹ tí bulb máa jẹ dé ọdún tó ń bọ̀. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó kéré tán. Kó rí wúruwùru, kí ló kàn yín?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé ilé àyágbé lẹ wà, inú ìkòkò mẹ́rin tó nihò nídìí ni tèmi wà. Ọjọ́ tí lańlọ́ọ̀dù bá ní kí n kó jáde, a jọ ń lọ ni.