Ìbọn tó bẹ́ mọ́ olówó ẹ̀ lọ́wọ́

Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gbá, nígbà tí à ń bá Dahomey jà ní 1851 àti 1864, ìbọn òkèèrè làwọn bàbá wa ń rà. Birmingham ni ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ti ń wá. Pọ́ọ́kú ni wọ́n ń ṣe é, àwọn mìíràn a sì bẹ́ mọ́ ẹni tó yìn ín lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀, láti 1813 lòfin wọn ti ní kí wọ́n máa fi ẹ̀tù dán ìbọn wò kó tó dọjà o!

Tó bá wá bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹ ní Aké ńkọ́? Ta ló fẹ́ gbé e padà sí Birmingham? Alágbẹ̀dẹ ló máa tún un ṣe, àpò ẹ lowó ẹ̀ sì ti máa jáde. Mo kí àwọn alágbẹ̀dẹ wa. Ẹni tó ta ìbọn yẹn ni mi ò kí.

Jẹnẹrétọ̀ tòní náà ńkọ́? Ọjọ́ mẹ́ta, ó kú. Wọ́n á ní kó o lọ wá mẹkáníìkì, wọ́n á nawọ́ sí ògiri: “A kì í gba ọjà padà.” Irọ́ ńlá! Òfin FCCPA ti 2018 fún ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó lábùkù padà. Tọ́jú rìsíìtì ẹ. Má jẹ́ kí mẹkáníìkì kankan tú u, wọ́n á ní ìwọ lo bà á jẹ́. Tí wọ́n bá kọ̀, fẹjọ́ wọn sun FCCPC.