Túbà, Ìpìlẹ̀ Orin Tí A Fi Sẹ́yìn

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín ní oṣù yìí lè jọ ọ̀rọ̀ kékeré lójú àwọn kan, nítorí orí fèrè ni ó dá lé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ̀ pé àwa kì í sọ ọmọ lórúkọ, a kì í gbé ìyàwó, a kì í sì í sin òkú àgbà láìsí orin, yóò gbà pé ohun tí ó bá ń ṣe orin wa, àwa gan-an ni ó ń ṣe.

Ní Ìkòtún, ní Ẹgbẹ́dá àti ní Ìgándò, títí dé Ìṣẹ́rì Olófin tí àwọn Àwórì kò lè pìtàn ara wọn kí wọ́n má dárúkọ rẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n kí òpin ọ̀sẹ̀ kọjá kí ẹgbẹ́ afọnfèrè má jáde sí ìgboro. Wọn a ṣíwájú òkú àgbà, wọn a sin ìyàwó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọn a bá ìjọ yí ìlú po nígbà ìkórè. Iṣẹ́ rere ni wọ́n ń ṣe, a kò sì wá láti bu ẹnu àtẹ́ lù wọ́n. Ṣùgbọ́n kí ẹ tẹ́tí sí wọn dáadáa nígbà tí wọ́n bá tún kọjá. Ìpè yóò wà níbẹ̀, trombone yóò wà níbẹ̀, ìlù ńlá yóò sì máa dún kíkankíkan. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ni fèrè gàgàrà tí ń fọhùn láti ìsàlẹ̀, èyí tí à ń pè ní túbà. Orin wọn ń fò lókè, kò rí ilẹ̀ tí yóò bà lé. Àwọn àgbà sì ti wí pé ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Túbà kò dàgbà tó ìpè. Ní ọjọ́ 12 oṣù September, ọdún 1835, ni Wilhelm Wieprecht, ọ̀gá orin àwọn ọmọ ogun, àti Johann Gottfried Moritz, ẹni tí ń ṣe fèrè, gba ìwé àṣẹ lé e lórí ní Berlin ní ilẹ̀ Prussia. Idẹ ni a fi ṣe é. Bí a bá na ihò èyí tí ó tóbi jù nínú àwọn tí a sábà ń lò, gígùn rẹ̀ yóò tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 18, èémí ènìyàn kan ṣoṣo ni yóò sì kún gbogbo rẹ̀. Ní 1893 ni J. W. Pepper ní Amẹ́ríkà ṣe irú mìíràn fún John Philip Sousa, èyí tí a ń gbé kọ́ èjìká tí a sì ń pè ní sousaphone.

Kí ni iṣẹ́ rẹ̀ láàrin àwọn yòókù? Ó ń fi ìsàlẹ̀ ohùn lélẹ̀, kí àwọn fèrè kéékèèké lè mọ ibi tí wọn yóò gbé ohùn tiwọn lé. Ó ń bá ìlù ńlá mú ẹsẹ̀ àwọn tí ń yan. Ó sì ń fi hàn ibi tí orin ń yí sí kí ó tó yí. Ẹ wo ẹgbẹ́ onífèrè idẹ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: nínú ènìyàn bí 28 tí ń fọn fèrè tí wọ́n sì ń lùlù níbẹ̀, 4 ni ó ń gbé túbà. Ìdá kan nínú méje ni èyí. Wọn kò fi irú ipò bẹ́ẹ̀ fún ohun tí kò níláárí.

Àwọn baba wa kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọgbọ́n yìí. Nínú ọ̀wọ́ dùndún, ìyáàlù ni ó ń sọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń gbọ́, ṣùgbọ́n kẹríkẹrì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ń fi ohùn wúwo gbé e ró. Nínú àpàlà tí Haruna Ishola kọ títí ó fi di olókìkí, àgídìgbo ni ó dúró nísàlẹ̀ tí àwọn yòókù ń gbára lé. Kò sí onílù tí yóò kó ọ̀wọ́ rẹ̀ jáde tí yóò fi kẹríkẹrì sílé kí ó wá sọ pé òun ti pé. Èé ṣe tí a fi gbà á bẹ́ẹ̀ fún afọnfèrè?

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Túbà wúwo, ó sì wọ́n. Owó tí àwọn ọlọ́lá ń lẹ̀ mọ́ iwájú orí afọnpè, a kì í lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí ẹni tí ó dúró lẹ́yìn tí ó gbé idẹ ńlá sáyà. Ọmọ tí ó ní làákàyè yóò rí i bẹ́ẹ̀, yóò sì du ìpè. Àwọn mìíràn a sọ pé jìtá báàsì ti gba iṣẹ́ náà. Òótọ́ ni pé ó ti gbà á lórí pẹpẹ ìjó. Ṣùgbọ́n jìtá báàsì kò lè ti ṣọ́ọ̀ṣì rìn dé ibojì láìjẹ́ pé ẹnìkan ń ti ẹ̀rọ amúnáwá tẹ̀lé e lẹ́yìn. Túbà kò bẹ iná mànàmáná ní ohunkóhun.

Àwọn kan yóò bi wá pé, kí ni ẹgbẹ́ tí ó dúró fún àṣà Yorùbá ń fi fèrè òyìnbó ṣe? Ìdáhùn wa ni pé fèrè idẹ ti pẹ́ ní ilé wa ju kí a máa pè é ní àlejò lọ. Láti 1908 ni Boys' Brigade ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Fájì ní Èkó. Ní 1920 ni Ogun Ìgbàlà dé. Àwọn ọmọ ogun àti ọlọ́pàá sì ti ń fọn tiwọn ṣáájú ìgbà náà. Orin highlife tí ilẹ̀ Adúláwọ̀ fi ń yangàn, ara ẹgbẹ́ onífèrè idẹ ni apá kan rẹ̀ ti yọ. Ní Gold Coast, kí ó tó di Ghana ní 1957, àwọn ọ̀dọ́ tí kò lówó idẹ fi ìlù àti ohùn ẹnu dípò rẹ̀, wọ́n sì dá konkoma sílẹ̀, tí ó wá dé ọ̀dọ̀ àwa náà. Àìní ni ó kọ́ wọn ní ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń ná owó aṣọ ẹbí lójú agbo, kì í ṣe àìní ni ó dè wá lọ́wọ́.

Ẹ má sì ṣe gbà pé ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ni túbà mọ̀ ọ́n fọ̀. Ní oṣù June ọdún 1954, Philip Catelinet fọn orin ńlá tí Ralph Vaughan Williams kọ fún túbà àti ẹgbẹ́ olórin ńlá ní London; ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni Paul Hindemith kọ tirẹ̀ fún túbà àti dùùrù. Ẹ jẹ́ kí a mú Catelinet yìí fi ṣe àríkọ́gbọ́n. Ọmọ ẹgbẹ́ Ogun Ìgbàlà ni, nínú ẹgbẹ́ onífèrè ìjọ ni ó sì ti gbọ́n. Irú ẹgbẹ́ tí ó gbé e dé iwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn ní London ni irú èyí tí ó wà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìjọ ní Alímọ̀ṣọ́. Ilé ẹ̀kọ́ ti wà. Ohun èlò kan ni kò pé nínú rẹ̀.

Kíkọ́ rẹ̀ kò sì le tó bí ojú ti rí i. Àwọn onífèrè idẹ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣètò ìwé orin wọn tí ó fi jẹ́ pé bí ọmọ bá ti mọ bí a ti ń fi ìka tẹ ìpè kékeré, ìka kan náà ni yóò fi tẹ túbà. Ètè àti èémí ni yóò tún kọ́. Kí ó máa fa ohùn gígùn kan ṣoṣo ní òwúrọ̀, kí ó jẹ́ kí ikùn rẹ̀ kún, kí ó má sì ká èjìká sókè. Ní ti ìwé tí yóò kọ́kọ́ kà, kò sí ṣọ́ọ̀ṣì tí ó ní ẹgbẹ́ akọrin tí kò mọ ohùn báàsì àwọn orin ìsìn. Kí ó gba ohùn náà lọ́wọ́ akọrin, kí ó fọn ọ́n. Àwọn olùkọ́ náà kò jìnnà: Ẹgbẹ́ MUSON tí a dá sílẹ̀ ní 1983 ti ní ilé ẹ̀kọ́ orin ní Èkó láti 1989.

Ohun kan ṣì kù tí ó jẹ́ tiwa, tí òyìnbó kò lè ṣe fún wa. T. K. E. Phillips, ẹni tí ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá jáde ní 1953, fẹ́ kí orin wa máa tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀ wa. Ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ ni èdè wa fi ń sọ̀rọ̀, túbà sì lè fọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èé ṣe tí kò fi ní í ki oríkì Olófin? Èé ṣe tí òwe tí kẹríkẹrì ń gbè lẹ́sẹ̀ kò fi ní í ti ẹnu idẹ jáde? Bí àwọn olórin wa bá kọ irú orin bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, àwọn àjèjì ni yóò máa wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ wa.

Nítorí náà, a ń bẹ̀ yín. Alímọ̀ṣọ́ ni ó ní ènìyàn jù nínú ìjọba ìbílẹ̀ 20 tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ìkànìyàn ọdún 2006 rí ju 1,200,000 lọ níbẹ̀. Kò yẹ kí irú ìlú bẹ́ẹ̀ máa tọrọ túbà lọ́wọ́ ará òde. Kí ìjọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ó súnmọ́ ara wọn pawọ́ pọ̀ ra ẹyọ kan, kí wọ́n sì jọ sanwó olùkọ́ kan. Kí ìjòyè tí ó bá fẹ́ ṣe òkú baba rẹ̀ yọ díẹ̀ nínú owó ọtí, kí ó fi ta ẹgbẹ́ afọnfèrè àdúgbò rẹ̀ lọ́rẹ, kí a kọ orúkọ òkú náà sára idẹ. Ọtí yóò tán lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n idẹ yóò máa pe orúkọ baba yín fún ogún ọdún. Kí gbogbo wa sì kọ́ láti máa na owó sí ẹni ẹ̀yìn pẹ̀lú, kí ọmọ tí ó gba ẹrù wúwo lè mọ̀ pé ìlú ń rí òun.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Orin tí yóò sin àwa náà dé ilé ìkẹyìn ni à ń tún ṣe yìí. Kí a má jẹ́ kí ó lọ láìní ìsàlẹ̀.